Àwọn Tó Sùn ní Ìbarà Lóṣù Kẹta

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 2025, ọmọ mi Túbọ̀sún kú. Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Èmi kò sí níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bàbá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì, kì í sì í lọ wo ibi tí wọ́n sin ín sí. Inú yàrá mi ní Aké ni mo jókòó sí láti ọjọ́ àìsùn títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Àgbà ìjọ méjì jókòó tì mí, wọn kò sì jẹ́ kí n jáde. Mo ń gbọ́ ohùn èèyàn ní ìta, mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń dé àti èyí tó ń lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Àbúrò mi Kọ́láwọlé ló ṣe gbogbo ètò. Nígbà tó fẹ́ ròyìn fún mi, mo ní kó má ròyìn. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lois ìyàwó Túbọ̀sún kó wá sọ́dọ̀ mi, òun àti Tolúlàṣẹ ọmọ wọn obìnrin, tó ń lọ sí ọdún méje. Ilé tí wọ́n háyà ní Òkè-Ìlèwó ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Túbọ̀sún ti ń kọ́ ilé tirẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ní ọ̀nà Ìbàdàn. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ló ń ṣe, afárá ni wọ́n ń kọ́ káàkiri, nítorí náà ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa ń rí àyè lọ síbẹ̀. Ó ti kan òrùlé, ó sì ti rẹ́ inú yàrá. Kò tíì sí ilẹ̀kùn, kò tíì sí fèrèsé.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ Àìkú kan tí a ti jẹun tán, Lois sọ fún mi pé òun fẹ́ ta ilé náà. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ó ní owó oṣù òun kò lè parí ilé láéláé, òjò á sì máa wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún títí á fi bàjẹ́. Ẹnì kan tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ṣe tán láti rà á bó ṣe wà. Owó náà á tó ra fúláàtì kékeré kan ní Ìbarà, èyí tó ti parí, tó ní ibùsùn àti amúlétutù. Kì í ṣe pé òun fẹ́ gbé inú rẹ̀. Ó fẹ́ máa yá a fún àlejò fún ọjọ́ díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá ń ti ibẹ̀ wọlé ni yóò fi máa tọ́ Tolúlàṣẹ. Ìwé ilé náà wà lórúkọ òun àti Túbọ̀sún, kò pọn dandan kó bi mí léèrè. Síbẹ̀ ó bi mí.

N kò fẹ́ kó tà á. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé báwo ló ṣe mọ̀ pé àlejò ń wá sùn ní Ìbarà. Ó ní éjẹ́ǹtì kan wà tó ní gbogbo ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́, òun yóò mú un wá.

Éjẹ́ǹtì náà ń jẹ́ Abdulkabir, ọmọ Kémta, láti inú ìdílé tí ń ṣòwò kí wọ́n tó bí mi. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi kú àfẹ́kù, ó sì dúró títí mo fi ní kó jókòó. Mo ti múra láti má fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fún mi láyè. Ó fi fóònù hàn mí. Àwọn ilà dúró lóròó bí ìka ọwọ́, àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń ta ìṣirò náà, owó ara rẹ̀ ló sì fi rà á. Wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà lóru kan síbẹ̀, wọ́n sì kọ bí ilé ṣe ń kún tó. Ní Ìbarà, nínú oru mẹ́wàá, méje ni wọ́n ní àlejò.

“Ta ló ka àwọn àlejò náà?” Mo bi í bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀rọ ló kà wọ́n, Bàbá.”

“Ẹ̀rọ náà wá sí Abẹ́òkúta?”

Lois rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Kò wá, sà,” Abdulkabir dáhùn. “Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í yọjú wo ilé wọn láti ibi tó wà.”

Ó wá ṣàlàyé. Gbogbo ẹni tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kàlẹ́ńdà. Bí àlejò bá ti sanwó fún ọjọ́ kan, ọjọ́ náà á tì, kò sẹ́ni tó tún lè gbà á. Ẹ̀rọ yìí ń lọ yẹ kàlẹ́ńdà wọn wò lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá bá ní títì, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti yá a. Mo bi í bóyá onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọjọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sanwó. Ó ní ó lè ṣe é, pàápàá bó bá fẹ́ kun ilé tàbí tún omi ṣe, ṣùgbọ́n ta ló máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí oníbàárà ń bọ̀? Mo rí i pé èsì tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo ní kó tẹ àwọn ilà náà sórí ìwé fún mi, nítorí ojú mi kò ríran dáadáa lórí fóònù, àti pé màá ṣèwádìí tèmi.

Lois ní ẹni tó fẹ́ ra ilé Òṣíẹ̀lẹ̀ kò lè dúró kọjá ìparí oṣù kẹwàá.

“Mi ò ní tà á láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, Bàbá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa sọ pé rárá, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.”

Mo lọ sí Ìbarà. Mo gun ọ̀kadà lọ, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù sọ fún mi pé ilé òun kì í ṣófo, pé òun ń lé àwọn èèyàn padà ni. Nígbà tó rí i pé mo ń gbọ́, ó fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó ní ṣé mi ò mọ ẹni tó lè rà á lọ́wọ́ òun. Obìnrin kan ní ojúlé kejì sọ pé kò sẹ́ni tó ń wá rárá, pé òun kábàámọ̀ pé òun kọ́ ọ. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ kan wọlé, tọkọtaya sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Ó ní ẹbí òun ni wọ́n. Ọkùnrin náà sì ń bi í pé níbo ni àwọn á ti san owó tó kù. Ẹnì kẹta rò pé ìjọba ló rán mi wá gba owó orí, kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Bí mo ṣe lò ó nìyẹn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó fẹ́ tà ní ilé òun kún. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wá kọ́ irú rẹ̀ sí ìtòsí ní ilé òun ṣófo. N kò rí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó ń wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ẹ̀rọ náà sàn jù wọ́n lọ, nítorí ẹ̀rọ kò ní ilé tó fẹ́ tà.

Mo wá padà sórí ìwé tí Abdulkabir tẹ̀ fún mi. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mo sì ń wo ilà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ nípa ìlú yìí. Oṣù kejìlá gùn: Kérésìmesì ni, gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Èkó ló ń wálé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà gùn: Iléyá bọ́ sí i. Oṣù kẹjọ gùn díẹ̀: ìyàwó gbígbé pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ilà tó gùn jù lọ nínú gbogbo wọn wà ní àárín oṣù kẹta. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ìwé. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé tó wà ní Ìbarà ló tì lọ́sẹ̀ náà.

Mo yẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wò. Ní àárín oṣù kẹta, àwọn Mùsùlùmí wà nínú ààwẹ̀. Àwa náà ti wọ Lẹ́ǹtì. Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, ìdílé Mùsùlùmí kò ní gbé ìyàwó, àlùfáà wa kò ní so ẹnikẹ́ni pọ̀, kò sẹ́ni tí yóò ṣí ilé tàbí ṣe ọjọ́ ìbí ńlá. Kò sí oṣù tí Abẹ́òkúta ń dákẹ́ tó o. Ta ló wá kún gbogbo ilé wọ̀nyẹn?

Ẹni tó bá ń kà á lè sọ pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìwé náà kò kọ ọjọ́, ọ̀sẹ̀ ló kọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni oṣù kẹta ọdún yẹn ní lọ́kàn mi, n kò sì kà á mọ́ ohun tí èèyàn ń fi ṣòwò.

Mo pe Abdulkabir lórí fóònù, mo bi í ní ìbéèrè kan náà.

“Bàbá, èmi gan-an ń gbààwẹ̀ nígbà yẹn,” ó ní. “Mi ò ronú kàn án. Mo rí i pé ó ga, inú mi sì dùn.”

Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ní méjì nínú àwọn ilé náà, kí n lọ bi í, pé kì í purọ́. Alhaja Ummulkulthum ni, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti olóògbé ọkọ rẹ̀ jọ ṣe akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ fún ọdún pípẹ́, Túbọ̀sún àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì jọ dàgbà. N kò mọ̀ pé ó ní ilé tó ń yá àlejò.

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ká aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà fẹ́ wá rán àdìrẹ? Kákí nìkan la mọ̀ mọ́ yín.”

Mo ní kákí náà kò tíì ya. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga fún mi, ó ní òun ti rò pé mo ti gbàgbé ọ̀nà Ìtòkú. A sọ̀rọ̀ nípa ara líle àti owó ọjà. Lẹ́yìn náà mo bi í pé ní àárín oṣù kẹta, àwọn wo ló wá sùn nínú ilé rẹ̀ ní Ìbarà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò mọ̀ ni?”

“Bí mo bá mọ̀, mi ò ní bèèrè.”

Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀.

“Àwọn tó wá sin Túbọ̀sún ni.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú mi. Kọ́láwọlé ló wá bá a lẹ́yìn tí ikú náà ṣẹlẹ̀, ó ní èèyàn ń bọ̀ láti Èkó, láti Àkúrẹ́, láti Port Harcourt, òun kò sì mọ ibi tí òun máa kó wọn sí. Alhaja wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti kàlẹ́ńdà ilé rẹ̀ méjèèjì, kí àlejò tí a kò mọ̀ má baà wá gbà á. Ó pe àwọn onílé mìíràn tó mọ̀. Àwọn náà tì í. Àwọn yẹn tún pe àwọn ẹlòmíràn. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kristẹni wà nínú wọn. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn aláìsùn, wọn kò fẹnu kàn án. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Kí la fẹ́ gbà?” ó ní. “Ọmọ tó ti jẹun nínú ilé mi.”

Ó fi kún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń ṣe lọ́dọọdún. Bí Kérésì bá dé, àwọn onílé tó jẹ́ Kristẹni á ti kàlẹ́ńdà fún ẹbí wọn. Bí Iléyá bá dé, àwọn ọmọ tirẹ̀ á dé láti Èkó àti Kàdúná. Bí òkú bá kú ní àdúgbò, wọ́n á tún tì í.

“Ilé mi kì í ṣófo, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń sanwó níbẹ̀ ni kò pọ̀.”

Ohun tí mo wá bèèrè nìyẹn, mo sì ti rí i gbà. Ó yẹ kí n dìde. Ṣùgbọ́n mo bi í ní ohun tí mo ti kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu àbúrò mi. Mo ní àwọn wo ni wọ́n.

Ó ní àwọn tó jọ ń kọ́ afárá wá nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, nítorí wọ́n ní bí Túbọ̀sún ṣe mọ àwọn nìyẹn. Obìnrin arúgbó kan wá láti Àkúrẹ́, tí Túbọ̀sún háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ó gbé iṣu wá. Àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé girama wá. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ. Ibùsùn kò tó. Àwọn kan sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì jókòó mọ́jú sínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá. Nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n ti gbá gbogbo ilé, wọ́n ti fọ abọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Aké.

Mo ní kí Abdulkabir wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo sì sọ ọ́ fún òun àti Lois papọ̀, bí Alhaja ṣe sọ ọ́. N kò yọ nǹkan kan, n kò fi kún un. Nígbà tí Lois sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le.

“Ẹ kò fẹ́ kí n ta ilé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá. Ẹ ti ń wá ohun tí ẹ máa fi dá mi dúró. Kì í ṣe ilé lẹ dì mú. Túbọ̀sún lẹ dì mú.”

Abdulkabir wo ilẹ̀.

“Òótọ́ ni,” mo ní. “Mi ò fẹ́ kí o tà á. Bí mo bá rí i pé ilà yẹn jẹ́ ti àlejò tó ń sanwó, màá sọ fún ọ bẹ́ẹ̀, màá sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n kà. Ìsìnkú ọmọ mi ni wọ́n kà, wọ́n sì pè é ní ọjà.”

Lois fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fi ìka sórí ilà oṣù kẹta.

“Àwọn ni èyí?”

“Àwọn ni.”

Èmi nìkan kọ́ ni wọ́n fi sí yàrá nígbà náà. Òun náà wà nínú yàrá kejì láàárín àwọn obìnrin, tí wọ́n dì í mú. Kò mọ ẹni tó wá. Ó fi ìka náà tẹ̀lé ilà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó tún mú un padà sísàlẹ̀.

“Mi ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó báyìí,” ó ní.

Abdulkabir gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mú ìwé náà. Ó yọ ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò, ó yọ Kérésì, ó yọ Iléyá, ó sì pe Alhaja àti onílé méjì mìíràn níwájú wa láti bi wọ́n léèrè nípa oṣù tó kù. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú oru mẹ́wàá, kò lè kọjá mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni sanwó fún. Owó iná àti owó ẹ̀ṣọ́ yóò sì jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

“Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, mi ò ní jẹ́ kó rà á,” ó sọ fún Lois. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń sọ nù bó ti ń sọ ọ́. Ó ní oníbàárà méjì mìíràn wà tí òun ti fi ìṣirò kan náà hàn, àti pé òun ń lọ bá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lois pe olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun kò tíì tà. Ó pa fóònù, ó sì kọjú sí mi.

“Kí ó yé yín, Bàbá. Mi ò lè gbé ibẹ̀. Mi ò sì mọ ibi tí owó tí a máa fi parí rẹ̀ yóò ti wá.”

Mo ní ó yé mi. Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀ ná, nítorí kò tíì sẹ́ni tó débẹ̀ nínú wa láti oṣù kejì. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi, òun àti Tolúlàṣẹ wọ mọ́tò lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Koríko ti bo ẹnu ọ̀nà, a ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí a tó wọlé. Mo ní kí Lois jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo wọ yàrá dé yàrá, mo sì kọ ohun tí Túbọ̀sún fi sílẹ̀, kí á lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀:

Òrùlé, kò jò.

Yàrá mẹ́rin, ó ti rẹ́ wọn. Àyè fèrèsé mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan kan lójú wọn.

Sìmẹ́ńtì àpò mẹ́fà, ó ti di òkúta.

Yanrìn, ó tó bí ìdajì tírélà, koríko ti hù lórí rẹ̀.

Àkàbà onígi kan.

Garawa méjì, ọ̀kan ti lu.

Àmì pẹ́ńsù lára ògiri yàrá kékeré, tó fi ibi tí wọ́n máa fi súìṣì iná sí hàn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Kí ọwọ́ Tolú lè tó o.”

Ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí ìṣó.

Bàtà rọ́bà kan, ti ẹsẹ̀ òsì. N kò rí ti ọ̀tún.